Mímọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò tíì tó láti lò ó

Ọ̀pọ̀ wa gbà pé bí a bá ti lè ka ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan lórí, ọ̀rọ̀ náà ti di tiwa. Àwọn ọmọ tó ń múra ìdánwò WAEC àti JAMB á kọ ọ̀rọ̀ sí apá òsì, ìtumọ̀ sí apá ọ̀tún, wọ́n á máa há a sórí. Mi ò fojú kéré làálàá wọn. Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ tó wà nídìí rẹ̀ kò tọ̀nà.

Ẹ jẹ́ ká fi èdè tiwa wò ó. Bí wọ́n bá kọ́ òyìnbó kan pé "wọ̀" ni "wear", yóò ní òun wọ fìlà, ìyàwó òun sì wọ gèlè. Ohun tó ń sọ á yé wa, àmọ́ ọmọdé ilé wa mọ̀ pé ẹ̀wù là ń wọ̀, fìlà là ń dé, gèlè là ń wé, ìró là ń ró. "Break" náà ńkọ́? Igi là ń ṣẹ́, ìkòkò là ń fọ́, okùn là ń já. Kò sẹ́ni tó há a sórí; ẹnu àwọn tó ń sọ ọ́ la ti gbọ́ ọ.

Bẹ́ẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ṣe rí, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní èyí tó ń bá rìn. A máa ń gbọ́ "mitigate against" lẹ́nu àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá. "Mitigate" ni kí a mú kí ìnira dín kù, kò sì nílò "against": "drainage mitigates flooding". "Militate", tí ìró rẹ̀ jọ ọ́, ló ń bá "against" rìn, òun sì ni kí nǹkan máa ṣe ìdíwọ́: "bad roads militate against trade".

"Severally" ńkọ́? "I called you severally" ti mọ́ wa lára, a sì gbọ́ ara wa yé. Lójú ẹni tó ń kà á ní London, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ló túmọ̀ sí, bí àwọn lọ́yà ṣe ń kọ "jointly and severally" sínú ìwé àdéhùn. "Several times" ni ká lò fún léraléra.

Èyí tó léwu jù ni ọ̀rọ̀ tí ìrísí rẹ̀ ń tanni jẹ. "Meretricious" dà bí ọmọ ìyá "merit", èèyàn sì lè fi yin akẹ́kọ̀ọ́ tó gbégbá orókè. Ọ̀rọ̀ Látìn fún aṣẹ́wó ni wọ́n ti fà á yọ! Ohun tó ń dán lójú tí kò ní láárí là ń fi pè.

A. S. Hornby, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń kọ́ àwọn ará Japan ní Gẹ̀ẹ́sì, rí ìṣòro yìí. Òun àti olùkọ́ méjì mìíràn ṣe ìwé atúmọ̀-èdè tó ń fi bí ọ̀rọ̀ ṣe ń wọ inú gbólóhùn hàn. Tokyo ni wọ́n ti kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ ní 1942. Oxford tún un tẹ̀ ní 1948, ìran rẹ̀ náà sì ni Oxford Advanced Learner's tó wà nílé ọ̀pọ̀ wa. Ohun tó ń dùn mí ni pé a máa ń ka ìtumọ̀, a ó pa ìwé dé, a kì í wo gbólóhùn àpẹẹrẹ tó wà lábẹ́ rẹ̀ gan-an.

Gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú "averse". Ka àpẹẹrẹ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wàá rí i pé "to" ló ń tẹ̀lé e, àti pé "not" sábà máa ń ṣáájú rẹ̀. Nígbà náà ni kó o tó kọ tìrẹ: "My mother is not averse to travelling, but she hates night buses." Màmá kò kọ ìrìn àjò, mọ́tò òru ni wọn ò fẹ́.