Bí iṣẹ́ kásúà ṣe ń lọ ní fákìtìrì

Tẹ́ ẹ bá kọjá níwájú fákìtìrì l'Ákúrẹ́ ní nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, ẹ máa rí àwọn ọ̀dọ́ tó dúró sí géètì, àwọn kan ti Ọ̀bà-Ilé wá, wọn ò sì tíì mọ̀ bóyá wọ́n máa ríṣẹ́ ṣe lónìí. Kásúà nìyẹn. Kì í ṣe ilé iṣẹ́ ló gbà wọ́n o, kọ̀ńtírátọ̀ ni, ilé iṣẹ́ á sanwó iye orí tó bá kó wá, òun náà á yọ tiẹ̀ kó tó pín ìyókù.

Òfin ò sùn ṣá. Abala 7 nínú Labour Act, òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, ní kó tó kọjá oṣù 3 téèyàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí agbanisíṣẹ́ ti fún un ní ìwé tó sọ owó oṣù àti wákàtí iṣẹ́ rẹ̀. Ọgbọ́n tí wọ́n wá ń dá ni pé tí oṣù kẹta bá ti ń sún mọ́lé, wọ́n á ní kó lọ sinmi díẹ̀, tó bá dé wọ́n á tún kọ orúkọ ẹ̀ bí ẹni tuntun. Ẹlòmíì ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò ní lẹ́tà, kò ní pẹ́ńṣọ̀n.

Ibi tó ti wá ń dun ilé iṣẹ́ fúnra ẹ̀ rèé. Súpáfáísọ̀ ló ń mú orúkọ láràárọ̀, ẹni tó bá lẹ́nu jù, wọn ò ní fún un ní kúẹ́rì, wọn ò kàn ní pè é lọ́la ni. Torí ẹ̀, tí bearing ẹ̀rọ, ìyẹn irin tó ń jẹ́ kó yí geere, bá ti ń dún gììrì-gììrì láti ṣíìfù alẹ́, kásúà tó dúró tì í ti gbọ́, àmọ́ tó bá sọ, wọ́n á pa ẹ̀rọ, tágẹ́ẹ̀tì ò ní pé, súpáfáísọ̀ ló sì máa jẹ ìyà ẹ̀. Ni kásúà bá panu mọ́. Tó bá di ọ̀sán tí ẹ̀rọ bá kú fin-ín, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé pé iná BEDC ló ṣe ségesège. Ọ̀gá pátápátá ní ọ́fíìsì á ka ìwé yẹn, á mí kanlẹ̀, á ní kí wọ́n ra dísù sí i!

Àwọn ilé iṣẹ́ kan ti gbé àpótí síbi ìjẹun pé kí òṣìṣẹ́ kọ ohun tó bá rí sínú ìwé, kó má kọ orúkọ. Ó dáa, ṣùgbọ́n súpáfáísọ̀ yẹn náà ló ń mú kọ́kọ́rọ́ àpótí lọ́wọ́.