“Kí Ló Gbá?”: Ìbéèrè Tí Kì Í Yan Kóòṣì Gidi

Kóòṣì kan kì í tíì palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ tán tí àríyànjiyàn fi máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan á dárúkọ ẹni tó yẹ kó gba ipò náà, ẹlòmíì á sì fi ìbéèrè kan ṣoṣo pa á lẹ́nu mọ́: “Kí ló gbá?” Bí ẹni tí wọ́n dárúkọ bá ti gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè rẹ̀ rí, tí a rí i lórí tẹlifíṣọ̀n níbi tó ti ń fẹnu ko ife, ó ti wọlé nìyẹn. Bí kò bá gbá kọjá líìgì kẹta, wọ́n á ní kó lọ jókòó, pé tíṣà lásán ni, ẹni tó ń fi ṣọ́ọ̀kì yàwòrán sára pátákó. Èmi náà ti bi ìbéèrè yẹn rí, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ ọlọgbọ́n ni mo sọ.

Ìgbàgbọ́ tó wà nídìí rẹ̀ ni pé ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù í gbá jù ni yóò mọ̀ ọ́n kọ́ni jù. Ó jọ òótọ́ létí. Ta ló fẹ́ kí ẹni tí kò wọ odò rí kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́? Àmọ́ iṣẹ́ méjì la so pọ̀ bí ẹni pé ẹyọ kan ni, kì í sì í ṣe àwa òǹwòran nìkan ló ń ṣì í so. Àwọn tó ni ẹgbẹ́, tí owó wọn wà nídìí ọ̀rọ̀, máa ń ṣe é pẹ̀lú.

Ẹ wo Juventus, ẹgbẹ́ ńlá ilẹ̀ Itálì, lọ́dún 2020. Maurizio Sarri ni kóòṣì wọn. Òṣìṣẹ́ báńkì ni Sarri tẹ́lẹ̀, kò fi bọ́ọ̀lù gbígbá jẹun rí. Láti ibi iṣẹ́ báńkì ló ti ń lọ kọ́ àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò gbọ́ orúkọ wọn, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dé Empoli, Napoli, àti Chelsea, níbi tó ti gba Europa League ní 2019. Ó gba líìgì Itálì fún Juventus, ìkẹsàn-án léra wọn. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ, Lyon já wọn kúrò nínú Champions League. Ilẹ̀ mọ́, Sarri gba ìwé gbélé-ẹ, ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n sì kéde Andrea Pirlo.

Bí ẹ bá béèrè pé kí ni Pirlo gbá, ilẹ̀ á ṣú kẹ́ ẹ tó gbọ́ tán. Ó gba Ife Àgbáyé pẹ̀lú Itálì ní 2006, ó gba Champions League lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú Milan. Bí ẹ bá wá béèrè pé àwọn wo ló ti kọ́, kò sí. Kò tíì darí ìdíje kan rí. Kò ju ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ tí wọ́n fún un ní ikọ̀ àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ náà, kó tó darí eré kan níbẹ̀ ni wọ́n ti gbé e ga. Ìwé-ẹ̀rí UEFA Pro tó yẹ kí kóòṣì irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní, oṣù kẹsàn-án ló ṣẹ̀ṣẹ̀ parí rẹ̀. Juventus ṣe ipò kẹrin ní sáà náà, ọjọ́ ìkẹyìn ni wọ́n tó rí ipò ọ̀hún dì mú, Inter gba líìgì. Ó gba ife Itálì méjì, Coppa Italia àti Supercoppa o, a ò gbọ́dọ̀ rẹ́ ẹ jẹ. Sáà kan ṣoṣo kò sì tó láti fi dá ẹjọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ká ní ìbéèrè “kí ló gbá?” ló yẹ kí a fi máa yan kóòṣì ni, sáà Pirlo ló yẹ kó dára ju ti Sarri lọ lọ́nà jíjìn réré.

Kí ló fà á? Ẹ jẹ́ ká lo èdè tí a ń sọ yìí. Gbogbo wa la mọ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta kì í ṣì í sọ. Kí àjèjì kan wá jókòó níwájú yín, kó ní kẹ́ ẹ ṣàlàyé bí ẹ ṣe ń mọ ìgbà tí ohùn yóò gòkè àti ìgbà tí yóò sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa á kàn tún ọ̀rọ̀ náà pè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, a óò wá máa pariwo, bí ẹni pé etí àjèjì náà ló di. A mọ̀ ọ́n, àmọ́ a ò mọ bí a ṣe mọ̀ ọ́n. Àjèjì tó fi ọdún márùn-ún kọ́ ọ lè ṣàlàyé rẹ̀ jù wá lọ, torí gbogbo ibi tó ti kọsẹ̀ ló ṣì wà lọ́kàn rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù tó jẹ́ àràmàǹdà ṣe rí. Kí bọ́ọ̀lù tó dé ẹsẹ̀ Pirlo, ó ti mọ ibi tí yóò gbé e lọ. Tí ẹ bá bi irú ẹni bẹ́ẹ̀ bó ṣe mọ̀, ó lè kàn ní òun rí i ni. Ara rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Ọmọ ogún ọdún tí kò rí i ńkọ́? Kóòṣì tí kò ní ẹ̀bùn yẹn rí ti ní láti tú u palẹ̀ fún ara rẹ̀: kí o wo ẹ̀yìn rẹ lẹ́ẹ̀mejì kí bọ́ọ̀lù tó dé, kí o yí ejìká rẹ sápá ibi tí àyè wà, kí o má dúró sójú ìlà kan náà pẹ̀lú ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Ìyẹn ló ṣeé kọ́.

Ohun kejì ni pé agbábọ́ọ̀lù ń rí eré láti igun tirẹ̀. Ẹni tó ṣọ́ ẹ̀yìn lápá òsì fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mọ apá òsì. Kóòṣì ní èèyàn bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ́wọ́, mọ́kànlá ló máa bọ́ sórí pápá, àwọn yòókù á máa kanra. Òun ni yóò mọ bí wọn yóò ṣe ṣiṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kí iṣan má baà já, òun ni yóò mọ ẹni tó yẹ kó yọ nígbà tó bá ku ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, òun náà ni yóò ṣàlàyé fún olówó ẹgbẹ́ pé agbábọ́ọ̀lù tó fẹ́ rà kò wúlò. Kò sí èyí tí bàtà bọ́ọ̀lù ń kọ́ èèyàn nínú wọn.

Ẹni tó yẹ kó ti pa ìgbàgbọ́ yìí láti bí ogójì ọdún sẹ́yìn ni Arrigo Sacchi. Bàtà ló ń tà. Ó bẹ̀rẹ̀ láti àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké, ó kọ́ àwọn ọmọdé, ó dé Parma, ó sì gbé wọn gòkè dé líìgì kejì. Parma na Milan nínú Coppa Italia, Silvio Berlusconi tó ni Milan sì gbé e wá ní 1987. Àwọn oníròyìn kò fẹ́ gbọ́: ta ni ọ̀gbẹ́ni yìí, kí ló gbá? Èsì tó fọ̀ fún wọn ti di ìtàn: òun kò mọ̀ pé kéèyàn tó lè gun ẹṣin sáré ìje, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́ ẹṣin. Ó gba líìgì ní 1988, ó sì gba ife Yúróòpù ní 1989 àti 1990.

Sacchi fúnra rẹ̀ ti sọ bó ṣe yí àwọn ìràwọ̀ rẹ̀ lérò padà. Ó kó márùn-ún jọ, aṣọ́lé pẹ̀lú mẹ́rin tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn, Baresi àti Maldini wà níbẹ̀. Ó kó mẹ́wàá sí òdìkejì, Gullit, van Basten, Rijkaard àti àwọn mìíràn. Ó ní kí àwọn mẹ́wàá gbá góòlù sáwọ̀n láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Òfin kan ṣoṣo ló wà: bí wọ́n bá pàdánù bọ́ọ̀lù, wọ́n á padà sẹ́yìn lọ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Wọn kò rí ẹyọ kan gbá wọlé. Márùn-ún tó mọ ibi tí oníkálukú yóò dúró ju mẹ́wàá tó kàn mọ bọ́ọ̀lù lọ.

Ibi tí mo ti fẹ́ràn ìtàn yìí jù ni pé Carlo Ancelotti wà lára àwọn mẹ́wàá náà. Ancelotti yìí ni àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù máa ń fi ṣe ẹ̀rí pé agbábọ́ọ̀lù ńlá ló ń di kóòṣì ńlá, torí ó gba Champions League lẹ́ẹ̀marùn-ún gẹ́gẹ́ bíi kóòṣì. Wọ́n gbàgbé ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́. Lábẹ́ Sacchi ló ti gbá bọ́ọ̀lù ní Milan, abẹ́ Sacchi náà ló tún ti kọ́ iṣẹ́ kóòṣì, nígbà tó jẹ́ igbákejì rẹ̀ nínú ikọ̀ Itálì ní Ife Àgbáyé 1994. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta bàtà ni ọ̀mọ̀wé bọ́ọ̀lù yìí ti gbẹ̀kọ́.

A ti wá dárúkọ 1994, ẹ jẹ́ ká dúró níbẹ̀ díẹ̀. Itálì àti Bràsílì ló pàdé nínú àṣekágbá, ní Pasadena. Sacchi jókòó sí bẹ́ǹṣì kan. Carlos Alberto Parreira jókòó sí ìkejì. Parreira náà kò fi bọ́ọ̀lù gbígbá ṣiṣẹ́ ṣe rí, ìmọ̀ nípa ìlera àti okun ara ló bá wọlé, ó sì ti wà lára àwọn tó ń mú ara àwọn agbábọ́ọ̀lù Bràsílì le ní 1970. Eré tó tóbi jù lọ lágbàáyé lọ́dún náà, ẹni tó ń darí lápá ọ̀tún kò gbá, ẹni tó ń darí lápá òsì kò gbá. Wọ́n gbá ọ̀mì, Bràsílì fi pẹnáritì borí.

Kí ló dé tí ìgbàgbọ́ náà kò fi kú? Ọ̀nà tí a ń gbà kà ló fà á. A máa ń rántí Guardiola, Zidane, Deschamps, àwọn agbábọ́ọ̀lù ńlá tó di kóòṣì ńlá. A kì í fẹ́ rántí pé Maradona, lọ́dún 2009, wà lórí bẹ́ǹṣì nígbà tí Bolivia na Argẹntínà ní 6-1, tàbí pé Jámánì tún na wọ́n ní 4-0 ní Ife Àgbáyé 2010. Thierry Henry kò lò ju oṣù mẹ́ta àti díẹ̀ lọ ní Monaco. Gary Neville tó gbá bọ́ọ̀lù fún Manchester United, tí gbogbo ayé ń yìn fún àlàyé rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, gba Valencia ní oṣù kejìlá 2015, Barcelona fi góòlù méje sí òdo lé e lórí, oṣù kẹta 2016 kò tán kí wọ́n tó ní kó máa lọ. Ẹnu dùn-ún ròfọ́.

Ìlẹ̀kùn náà kò sì dọ́gba. Ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ láti ẹgbẹ́ olówó, níbi tí àwọn agbábọ́ọ̀lù tó dára ti kún. Ẹni tí a kò mọ̀ lè fi ogún ọdún rìn kó tó dé ẹnu ọ̀nà ibẹ̀. Iye tí ẹgbẹ́ ń san fún àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ sì ń sọ púpọ̀ nípa ipò tí yóò wà lórí tábìlì, kóòṣì yòówù kó jẹ́. Nítorí náà, tí a bá ń ka ife nìkan, àwọn tí wọ́n ti ṣílẹ̀kùn fún la ó máa kà.

Mi ò sọ pé agbábọ́ọ̀lù ńlá kò lè ṣe é. Zagallo, Beckenbauer àti Deschamps ni wọ́n gba Ife Àgbáyé gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù àti gẹ́gẹ́ bíi kóòṣì. Àmọ́ ẹ wo àárín. Deschamps ti gbé Monaco dé àṣekágbá Champions League ní 2004, ó ti dá Juventus padà sí líìgì àkọ́kọ́, ó ti gba líìgì Faransé fún Marseille, kí wọ́n tó fún un ní ikọ̀ Faransé ní 2012. Guardiola lo sáà kan pẹ̀lú ikọ̀ kejì Barcelona. Zidane jẹ́ igbákejì Ancelotti, ó sì kọ́ ikọ̀ kejì Real Madrid. Stephen Keshi tó jẹ́ balógun nígbà tí Nàìjíríà gba ife Áfíríkà ní 1994, tó sì gbà á gẹ́gẹ́ bíi kóòṣì ní 2013, ti mú Togo pegedé fún Ife Àgbáyé 2006, ó sì ti kọ́ Mali. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà yẹn gan-an ni mo ń wá nínú ìwé ẹni tó fẹ́ gba iṣẹ́. (Beckenbauer ba ẹjọ́ mi jẹ́ díẹ̀, mo gbà. Kò kọ́ ẹgbẹ́ kankan rí nígbà tó gba ikọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì ní 1984, kò ní ìwé-ẹ̀rí, ó sì dé àṣekágbá méjì, ó gba ọ̀kan. Irú rẹ̀ kò pọ̀.)

Ohun tí orúkọ ń fún kóòṣì ni ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Tó bá wọ yàrá tí wọ́n ti ń múra, gbogbo etí á ṣí. Ẹni tí wọn kò mọ̀ kò ní èyí: nígbà tí Arsène Wenger dé Arsenal ní 1996, ìwé ìròyìn kan ń béèrè pé Arsène wo nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn agbábọ́ọ̀lù kì í pẹ́ mọ ẹni tí iṣẹ́ yé. Ẹni tí wọ́n ń béèrè yìí ló gba líìgì 2003-04 láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni na òun nínú eré méjìdínlógójì.

Nígbà míì tí wọ́n bá dárúkọ èèyàn, ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ohun tó ṣe lẹ́yìn tó bọ́ bàtà, tàbí nígbà tí kò tilẹ̀ wọ̀ ọ́ rárá. Ta ló bá a pàdé ní aláìmọ̀kan tó sì fi í sílẹ̀ ní ọ̀jáfáfá? Nígbà tí owó kò sí, ipò wo ló ṣe? Nígbà tí ìyà jẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ léraléra, kí ló yí padà? Ṣé irú bọ́ọ̀lù tó ń kọ́ni bá àwọn tó wà nílẹ̀ mu, àbí a ó ní láti ta ìdajì ẹgbẹ́ kó tó lè bẹ̀rẹ̀?

Ká ní wọ́n gbé orúkọ Alex Ferguson síwájú wa lọ́dún 1978, ẹ̀rín la ó fi pa á. Ó gbá bọ́ọ̀lù dáadáa ní Scotland, àmọ́ kò dé ibi tí a ó ti máa kọrin rẹ̀, St Mirren, ẹgbẹ́ tó ń kọ́, sì ṣẹ̀ṣẹ̀ lé e. Aberdeen gbà á, ó sì fi wọ́n na Real Madrid nínú àṣekágbá ìdíje Yúróòpù kan ní 1983. Ó tún gba líìgì mẹ́tàlá fún Manchester United. Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kóòṣì ni East Stirlingshire, ẹgbẹ́ kékeré kan ní Scotland, ní 1974, lọ́mọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n. Nígbà tó dé ibẹ̀, ẹgbẹ́ náà kò ní aṣọ́lé kankan.