Bí The Dude ṣe di àwo orin

Ọdún 1981 ni ilé iṣẹ́ A&M gbé The Dude jáde ní Amẹ́ríkà. Quincy Jones, pùródúsà (ẹni tó ń darí bí wọ́n ṣe ń gba orin sílẹ̀), ló ni ín, ṣùgbọ́n Patti Austin àti James Ingram ló dá èyí tó pọ̀ jù nínú orin ibẹ̀. Iṣẹ́ pùródúsà ni kó mọ orin tó dáa, kó sì mọ ọ̀fun tó yẹ ẹ́.

Ingram kò tíì lórúkọ nígbà náà. Dọ́là 50 ni wọ́n ń san fún un láti kọ orin sórí téèpù àfihàn tí wọ́n fi ń polówó orin fún àwọn gbajúmọ̀. Téèpù “Just Once”, orin Barry Mann àti Cynthia Weil, dé ọwọ́ Quincy. Ó gba orin, ó gba akọrin mọ́ ọn. Rod Temperton, òǹkọ̀wé orin ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́wọ́ nínú mẹ́rin lára orin mẹ́sàn-án. “Velas” jẹ́ ti Ivan Lins, ará Brazil. Hàmóníkà àti súfèé Toots Thielemans ló gbé e, ó sì dùn dé eegun.

Lórí téèpù ni dídán ohùn àwo náà ti wá. Gbogbo ìgbà tí téèpù bá ti yí ni orí ẹ̀rọ ń ha lẹ́búlẹ́bú tó gba ohùn dúró kúrò lójú rẹ̀. Ohùn tín-ín-rín ló ń kọ́kọ́ lọ: ìró kímbálì, àti bí ọ̀pá ṣe ń ta lára awọ ìlù. Akọrin á tún un kọ títí, ìlù á ti kú kó tó parí. Ìdí nìyí tí Bruce Swedien, ẹnjiníà Quincy, fi máa ń gba ìlù àti gìtá bẹ́ẹ̀sì sórí téèpù kan, tí yóò ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún àwọn akọrin àti afọnfèrè láti bá ṣiṣẹ́, tí yóò sì tọ́jú ojúlówó pamọ́ di ọjọ́ àpapọ̀, ìyẹn ọjọ́ tí wọ́n ń da gbogbo ohùn pọ̀ di orin kan.

Lọ́jọ́ náà, ẹ̀rọ téèpù méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà 24 tí ohùn lè dá wà lórí rẹ̀, á jọ rìn lórí SMPTE, àmì àkókò tó ń mú kí ẹ̀rọ méjèèjì rìn pọ̀. Àmì yìí gba ọ̀nà kan lára ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, ó ku 46. Bó bá já níbì kan, ìlù á sáré kọjá akọrin. Àyè tó ṣí sílẹ̀ yìí ló jẹ́ kí Swedien lè gba fèrè àti ègbè ní méjì-méjì, tọ̀tún-tòsì.

Ère tí Fanizani Akuda, ará Zimbabwe tó ń fi òkúta gbẹ́ ère, gbẹ́ ló wà lójú páálí àwo náà. Ara rẹ̀ ni àwo náà ti gba orúkọ.

Ní 1982, “One Hundred Ways”, orin kan nínú àwo náà, gba Grammy, ẹ̀bùn ńlá fún olórin ní Amẹ́ríkà, fún Ingram nígbà tí kò tíì ní àwo orin tirẹ̀ rárá. Qwest, ilé iṣẹ́ Quincy fúnra rẹ̀, ló gbé àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní 1983.