Ìdí Tí Wáyà Eyín Fi Ń Ṣáájú Iṣẹ́ Abẹ Àgbọ̀n

Wáyà lè to eyín tó wọ́, àmọ́ kò lè sún egungun àgbàlagbà kúrò níbi tó wà. Bí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ bá gùn ju egungun òkè ẹnu lọ débi pé eyín iwájú ò lè gé búrẹ́dì, wáyà àti iṣẹ́ abẹ ló máa jọ tún un ṣe.

Eyín kì í dúró de dókítà. Bí àgbọ̀n ṣe ń gùn ni eyín ìsàlẹ̀ ń tẹ̀ síhà ahọ́n, tòkè ń yọ síta, kí wọ́n ṣáà lè pàdé. Ìtẹ̀sí yìí ń bo bí egungun méjèèjì ṣe jìnnà síra tó. Bí oníṣẹ́ abẹ bá ti àgbọ̀n sẹ́yìn bẹ́ẹ̀, eyín á kanra kí egungun tó dé àyè rẹ̀.

Nítorí náà ni wáyà fi ń ṣáájú, nǹkan bí ọdún kan sí ọdún kan ààbọ̀. Bó ṣe ń gbé eyín nàró ni àlàfo ń fẹ̀ sí i, tí àgbọ̀n sì ń hàn ju ti tẹ́lẹ̀. Ó yẹ kí dókítà ti sọ èyí kó tó lẹ wáyà rárá. Ẹni tí wọn ò sọ fún á rò pé wọ́n ti ba òun lẹ́nu jẹ́, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ń lọ dáadáa ni.

Wọn kì í ṣe iṣẹ́ abẹ náà títí egungun á fi dàgbà tán, ó sábà máa ń tó ọdún 16 fún obìnrin, ọdún 18 fún ọkùnrin. Aláìsàn á sùn fọnfọn. Inú ẹnu ni wọ́n ti ń gé e, kí àpá má bàa hàn lójú. Ọ̀nà tí oníṣẹ́ abẹ kan, Hugo Obwegeser, gbé jáde láàárín ọdún 1950 sí 1959 ni wọ́n ṣì ń tẹ̀ lé: wọ́n á la ẹ̀yìn àgbọ̀n lọ́tùn-ún lósì, bí ẹni la pákó lóòró, kí apá kan lè yọ̀ lórí ìkejì. Ibi tí egungun ti kanra fẹ̀, ó sì máa ń so dáadáa. Irin titanium pẹlẹbẹ àti síkúrù ló ń dì í mú. Àmọ́ iṣan tó ń jẹ́ kí ètè ìsàlẹ̀ mọ nǹkan lára gba inú egungun yìí kọjá, ìyẹn ló ń mú kí ètè kú fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù. Lára àwọn mìíràn, kì í lọ tán.

Ògì àti ọbẹ̀ olómi ni oúnjẹ àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà oúnjẹ rírọ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6. Rọ́bà kéékèèké á máa so wáyà òkè mọ́ tìsàlẹ̀. Wáyà á tún lo bí oṣù 6 sí 12 lẹ́nu, títí eyín á fi bára mu.