Ta Ló Bá Yín Wo Ilé Náà Kí Ẹ Tó Sanwó?

Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n pè mí kí n wá wo ilé kan fún ẹni tó fẹ́ rà á lápá Májídùn, nílùú Ìkòròdú níbí. Àárín ẹ̀rùn ni. Ọ̀dà ilé ṣì ń rùn, táìlì ń dán, àjẹ́ntì ń rẹ́rìn-ín. Kí n tó wọlé, mo kọ́kọ́ kí ìyá kan tó ń ta ẹ̀kọ lódìkejì.

"Ẹ kú ọjà o, Mà. Ṣé omi máa ń dé ibí?"

Ìyá na ọwọ́ sí ara fẹ́ǹsì wọn. Ìlà ẹrẹ̀ kan wà níbẹ̀, ó ga tó orúnkún mi. "Ọmọ mi, tí wọ́n bá ti tú omi dáàmù Ọ̀yán sílẹ̀, àwa àti ẹja la jọ ń gbé."

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Bẹ́ẹ̀ náà nilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn lọ́dà. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ mú ẹni tó mọ̀ ọ́n wò dání. Àmọ́ ta ni?

Ní Amẹ́ríkà, àwọn ìpínlẹ̀ kan máa ń fún àwọn tó ń yẹ ilé wò ní láísẹ́ǹsì. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹnjinníà tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ẹnjinníà ní Nàìjíríà, tàbí kọ́lékọ́lé tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CORBON, ìgbìmọ̀ ti àwọn kọ́lékọ́lé, ni kí ẹ wá. Bíríkìlà tó dáńtọ́ mọ nǹkan púpọ̀, èmi gan-an kọ́gbọ́n lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n kò ní òǹtẹ̀ tó lè tẹ̀ sórí ìwé. Nọ́ńbà ẹnjinníà COREN máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà R. Ẹ gba nọ́ńbà náà, kí ẹ wá orúkọ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì COREN, kí ẹ sì rí i pé ẹni tó dúró níwájú yín ló ni ín. Àwọn kan ń yá òǹtẹ̀ olóǹtẹ̀ lò.

Ìwé-ẹ̀rí nìkan kò tó. Ibi tí mo ti rí i tí ọ̀pọ̀ ti kó sí wàhálà ni pé àjẹ́ntì ló bá wọn mú ẹnjinníà wá. Bí ilé ò bá tà, àjẹ́ntì ò jẹ nǹkan kan. Irú ẹnjinníà wo lẹ rò pé yóò máa pè? Ẹ wá tiyín fúnra yín, ẹ jọ fẹnu kò sí iye kan pàtó kó tó débẹ̀, kó jẹ́ pé ilé tà o, kò tà o, owó rẹ̀ ò yí padà. Bó bá sì ti rí àléébù tán tó ní òun náà lòun máa tún un ṣe, ẹ fura.

Ẹ bi í bóyá yóò gun òrùlé. Mo ti jìyà èyí rí: àkàbà ò sí, ilẹ̀ ti ń ṣú, mo ní kò burú. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, oníbàárà mi fi fídíò bàsíà mẹ́ta ránṣẹ́ sí mi. Láti ìgbà náà, àkàbà mi kì í kúrò nínú ọkọ̀.

Ẹni tó mọṣẹ́ yóò sọ fún yín pé ìlà tó tín-ínrín bí irun lára ògiri kì í sábà ṣe nǹkan bàbàrà. Èyí tó fẹ̀ tó fi gba etí owó ẹyọ, tó dábùú láti igun fèrèsé lọ sísàlẹ̀, ìpìlẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Yóò wo abẹ́ dẹ́kìn bóyá ìpẹtà irin ti ń jáde. Bó bá ṣiyèméjì nípa kọnkéré, òòlù kan wà tí wọ́n fi ń dán an wò láìfọ́ ọ.

Ẹ ní kó wo ìwé àṣẹ ìkọ́lé pẹ̀lú. Mo ti bá ilé alájà méjì pàdé tí ìwé rẹ̀ ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni. LASBCA, àjọ ìjọba Èkó tó ń bójú tó ilé kíkọ́, lè wá fi àmì sára irú ilé bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́kọ́jọ́. Ti ilẹ̀ fúnra rẹ̀, iṣẹ́ sọfeyọ̀ àti lọ́yà ni. Ẹ má gbé e kọ́ ẹnjinníà lọ́rùn.

Kó kọ gbogbo ohun tó rí sílẹ̀, kó buwọ́ lù ú, kó tẹ òǹtẹ̀. Ìwé yẹn lẹ máa fi dúnàá dúrà. Ti Májídùn yẹn kò tiẹ̀ dé orí ìdúnàádúrà: oníbàárà mi gbọ́rọ̀ ìyá ẹlẹ́kọ tán, ó padà sínú ọkọ̀. Àjẹ́ntì náà kì í kí mi títí di òní.