Ọ̀dà tó hunjọ lára géètì yín, ẹ má tíì ní ayédèrú ni

Tí ọ̀dà gloss bá ti hunjọ lára géètì báyìí, ohun tí oníbàárà á kọ́kọ́ sọ ni pé ayédèrú lẹ rà. Mo mọ̀ ọ́n lára, torí mo ti ha ọ̀dà kúrò lára géètì témi fúnra mi kùn rí, bẹ́ẹ̀ ọ̀dà yẹn dáa.

Ẹ wo ògì gbígbóná tẹ́ ẹ bù sínú abọ́ tẹ́ ẹ wá gbàgbé síbẹ̀. Awọ á bò ó lójú, abẹ́ á ṣì rọ̀. Ẹ fi ṣíbí ti awọ yẹn láti ẹ̀gbẹ́ kan, ńṣe ló máa hunjọ ní ìlà-ìlà. Bó ṣe rí lára géètì náà nìyẹn. Ọ̀dà olóróró bíi gloss kì í kàn gbẹ bí aṣọ tí wọ́n sá, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ló ń wọnú òróró rẹ̀ tó fi ń le, ojú ló dẹ̀ ń kọ́kọ́ le, tẹ́ ẹ bá wá kùn ún kó ki, ojú á ti di awọ nígbà tí abẹ́ ṣì dà bí oyin, awọ yẹn á máa mu ọ́síjìn sí i, á máa wú, ó fẹ́ fẹ̀ àmọ́ kò ráyè torí ó ti lẹ̀ mọ́ abẹ́, ló bá ń rú sókè-sódò bí ìgbì.

Ìgbì yẹn dẹ̀ lófin o. Awọ tó le ò fẹ́ tẹ̀ púpọ̀, ìgbì tó fẹ̀ ló rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ohun rírọ̀ abẹ́ ò fẹ́ kí wọ́n fa òun jìnnà, ìgbì kékeré ló fẹ́. Ibi tí wọ́n bá ti gbà fún ara wọn nìlà tẹ́ ẹ ń rí. Tí abẹ́ bá jìn dáadáa, awọ tó nípọn ní ìlọ́po 2 á ṣe ìgbì tó fẹ̀ ní ìlọ́po 2, àmọ́ kí líle nìkan tó lè ṣe bẹ́ẹ̀, àfi kí awọ le ní ìlọ́po 8. Lọ́dún 1998, George Whitesides, onímọ̀ kẹ́míìsì, àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Harvard l'Amẹ́ríkà fi wúrà tínínrín bo rọ́bà sílíkónì tó gbóná, bí rọ́bà ṣe tutù tó súnkì, wúrà hunjọ, ìgbì rẹ̀ ò fẹ̀ ju máíkírómítà 20 sí 50 lọ (máíkírómítà 1,000 ló wà nínú mìlímítà 1). Ohun kan náà ni!

Torí náà, kóòtì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ 2 sàn ju ẹyọ 1 tó ki. Ẹ má kun irin tí oòrùn ọ̀sán ti yan. Èyí tó bá ti hunjọ, ẹ má kun òmíì lé e, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kẹ́ ẹ ha á, kẹ́ ẹ fi sáńpépà bó o. Ojú tó gbẹ ò ní kí inú gbẹ o, pàápàá lásìkò òjò, ẹ fi èékánná tẹ ẹ́ níbi tí ò hàn, tó bá ṣì ń wọlé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi kóòtì kejì sílẹ̀ dọ̀la.