Ajá ló ń pinnu eré, kì í ṣe báísíkù

Ajá kì í sọ pé ó ti rẹ òun, ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ ajá àti báísíkù wà. Ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ kàn ń tẹ pẹ́dààlì díẹ̀ díẹ̀, táyà ń yí lọ, atẹ́gùn ń fẹ́ sí i, ara tù ú, àmọ́ ajá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣiṣẹ́ láìsinmi, kò sì ní dúró níwọ̀n ìgbà tí ọ̀gá ẹ̀ ò bá dúró, á máa tẹ̀ lé e títí á fi ṣubú lulẹ̀. Torí náà kẹ̀kẹ́ ló gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ lé ajá.

Eré tó bá a lára mu ṣeé fojú rí. Tí ẹsẹ̀ iwájú ọ̀tún bá ń gbéra pẹ̀lú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn òsì, tí méjì tó kù náà sì ń tẹ̀ lé wọn, tí ẹ̀yìn ẹ̀ tẹ́jú, ó lè máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Àmọ́ tó bá ti ń ká ẹ̀yìn kò tó ń nà án, tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì jọ ń ta ilẹ̀, eré àsápajúdé nìyẹn, kéèyàn tètè tẹ bíréèkì.

Ní Jámánì, níbi tí ajá Alsatian ti wá, ìdánwò ìfaradà kan wà fún ajá tí wọ́n ń pè ní AD, ẹ̀gbẹ́ báísíkù ni wọ́n ti ń sá a, 20 kìlómítà gbáko, eré ẹ̀ ò sì ju kìlómítà 12 sí 15 lọ láàárín wákàtí kan. Tó bá sá kìlómítà 8, á sinmi fún ìṣẹ́jú 15, tó bá dé kìlómítà 15, á tún sinmi fún ìṣẹ́jú 20, wọ́n á sì wo àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ bóyá ó ti bó. Ajá tí ò tíì pé oṣù 16, wọn ò ní gbà á, torí kerekere tó wà létí eegun ọmọ ajá ò tíì le, eré gígùn lójú títì máa ń bà á jẹ́. Ajá tí imú ẹ̀ wọnú bíi bulldog àti pug, kẹ́ ẹ má gbé e sún mọ́ báísíkù rárá, èémí tí wọ́n ń rí mí ò tó.

Okùn ló ń gbé èèyàn ṣubú jù. Tí wọ́n bá so ó mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, tàbí tí wọ́n wé e mọ́ ọrùn ọwọ́, tí ajá wá rí ewúrẹ́ tó sì fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, táyà iwájú á yí, ó parí. Irin kan wà tó ní sípíríìǹgì, ìsàlẹ̀ ìjókòó tàbí ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀yìn ni wọ́n ń dè é mọ́, torí bí ibi tí ajá ti ń fà bá ṣe sún mọ́ ilẹ̀ tó, tó sì jìnnà sí táyà iwájú, bẹ́ẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ ṣe máa ń dúró déédéé, sípíríìǹgì yẹn á sì gba ìfàya yẹn mọ́ra. Kí okùn wà lára bẹ́líìtì tó gba àyà ajá, kó má ṣe wà lọ́rùn ẹ̀.

Ọwọ́ ọ̀tún la ń wakọ̀ sí ní Nàìjíríà, bíi ti Jámánì náà, torí náà ọ̀tún ni kí ajá wà, ní ẹ̀bá koríko, kí kẹ̀kẹ́ dí i lọ́nà mọ́tò. Àwọn ará wa tó wà ní Bìrìtìkó, òsì ni tiyín o. Òfin ìrìnnà Jámánì tiẹ̀ sọ ọ́ kedere pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi ọkọ̀ tó ń lo ẹ́ńjìnnì fa ẹranko, àti pé tó bá jẹ́ báísíkù, ajá nìkan ni wọ́n gbà láyè. Ẹni tó ń so ajá mọ́ ọ̀kadà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́.

Oòrùn tiwa wá ni ká bẹ̀rù jù. Ajá kì í làágùn lára bíi tèèyàn, ẹnu ló fi ń tu ara ẹ̀. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ lé ọ̀dà títì kẹ́ ẹ ka ení dé èje, tọ́wọ́ ò bá gbà á, ẹsẹ̀ ajá náà ò gbà á, ìdájí ló dáa jù. Tí ahọ́n ẹ̀ bá ti gùn síta tí ṣóńṣó ahọ́n náà fẹ̀ bíi ṣíbí, tí itọ́ ẹ̀ ń fà yọ̀ọ̀, ó ti tó. Tó bá wá ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, ẹ gbé e sábẹ́ igi, ẹ da omi tútù sí i lára, ẹ fẹ́ ẹ, ẹ má fi táwẹ́ẹ̀lì bò ó, kẹ́ ẹ tó máa gbé e lọ bá dókítà ẹran.

Kó tó sá eré, kí oúnjẹ ti kúrò níkùn ẹ̀ fún bíi wákàtí méjì, torí ikùn ajá ńlá tí àyà ẹ̀ jìn lè yí po, ìyẹn sì ń pa á. Tí wọ́n bá dé ilé, ẹ gbé ẹsẹ̀ ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èékánná tó jẹ ju àwọn tó kù lọ, ẹsẹ̀ yẹn ló ń wọ́ nílẹ̀.